Bí A Bá Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì, Ṣé Ọkọ̀ Àná Náà Ni?

Láti Tudun Wada títí dé Kakuri, kò ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn rí ọkùnrin kan tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Kì í ṣe mẹkáníìkì. Ó lè jẹ́ olùkọ́, ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ra Peugeot 504 kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, ó sì fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mìíràn sínú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ṣe é, bí owó bá ṣe ń wọlé. Ó lè gbà á ní oṣù mẹ́fà, ó lè gbà á ní ọdún kan. Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà bá sítáàtì, inú rẹ̀ a máa dùn bí inú ẹni tó ń ṣe ìsọmọlórúkọ.

A kò bá onítọ̀hún jà. A fẹ́ràn ọwọ́ tó mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo wa jọ rò: ọkọ̀ tó jáde kúrò ní ẹ̀yìnkùlé yẹn, ṣé ọkọ̀ àná náà ni, àbí ọkọ̀ mìíràn ni? Àwọn kan yóò sọ pé ìbéèrè ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí olówó ọkọ̀ ṣì ń gùn ún. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tó bá fẹ́ tà á, ìbéèrè náà di ọ̀rọ̀ owó, ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, ó sì di ọ̀rọ̀ tí a ó jẹ́jọ́ rẹ̀ níwájú Ọlọ́hun.

Ìlú wa yìí ló yẹ kí ó kọ́kọ́ ronú lé e lórí, nítorí ìlú Peugeot ni Kàdúná. Ní ọdún 1972 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Peugeot ti Faransé, tí wọ́n sì dá Peugeot Automobile Nigeria, tí gbogbo wa mọ̀ sí PAN, sílẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1975 ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. Ọkọ̀ 504, tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé jáde ní Faransé ní ọdún 1968, di ọkọ̀ ìjọba, ọkọ̀ oníṣòwò àti ọkọ̀ èrò. Nígbà tí ìjọba wá mú ètò SAP wọlé ní ọdún 1986, tí náírà sì jábọ́, ọwọ́ òṣìṣẹ́ kò tó ọkọ̀ tuntun mọ́. Ìgbà náà ni tòkunbọ̀ gbòde, tí ẹni tó ti ní ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ sì kọ́ bí a ti ń fi àtúnṣe gùn ún. Ọjà Panteka, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jó irin, tí wọ́n ń tún irin àlòkù rọ, di ibi tí ènìyàn ti lè rí ohun tí ilé iṣẹ́ kò ṣe mọ́. Nítorí náà, àìní ló bí ọgbọ́n yìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè wa. Àwọn ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ ti bi ara wọn ní irú rẹ̀. Plutarch, òǹkọ̀wé ará Gíríìkì kan tó gbé ayé ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn, sọ nípa ọkọ̀ ojú omi Theseus tí àwọn ará Athens tọ́jú pamọ́. Bí pákó kan bá jẹrà, wọn a yọ ọ́, wọn a fi tuntun sí i. Àwọn kan ní ọkọ̀ náà ṣì ni, àwọn kan ní kì í ṣe òun mọ́. Lẹ́yìn èyí ni Thomas Hobbes, ará Ìlú Ọba, ní àwọn ọdún 1600, fi kún un pé bí ẹnì kan bá ń ṣa àwọn pákó àtijọ́ náà jọ, tó sì fi wọ́n kan ọkọ̀ mìíràn, èwo nínú méjèèjì ni ọkọ̀ Theseus?

Ẹni tó bá mọ Panteka mọ̀ pé èyí kì í ṣe àlọ́. Ẹ́ńjìnnì tí a yọ kúrò lára 504 lè má kú tán. Ẹlòmíràn lè rà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì gbé e sínú ọkọ̀ tirẹ̀. Bọ́dì wà ní Kawo, ẹ́ńjìnnì wà ní Sabon Tasha. Èwo ni ọkọ̀ Alhaji?

Lójú tiwa, kì í ṣe inú irin ni a ó ti rí ìdáhùn. 504 tó jáde tuntun láti Kakuri pàápàá, àpapọ̀ ni. Ẹ̀yà ara rẹ̀ ti Faransé wá, wọ́n sì tò ó pọ̀ níbí. Bí a bá ní ẹ̀yà tó kọ́kọ́ wà lára ọkọ̀ nìkan ló sọ ọ́ di ara rẹ̀, a jẹ́ pé ọjọ́ tí a bá pààrọ̀ taya rẹ̀ ni ó ti ń di ọkọ̀ mìíràn. Ẹ wo ilé bàbá wa ní Ọ̀fà, ní Ìlọrin tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ògiri amọ̀ ti wó, bíríkì ló wà níbẹ̀. Koríko ti kúrò lórí rẹ̀, páànù ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀ a kò pè é ní ilé ẹlòmíràn. Ìdí ni pé ìtàn rẹ̀ kò já. Àgbà ilé lè sọ ẹni tó kọ́ ọ, ẹni tó tún un ṣe, àti ìgbà tó tún un ṣe.

Bí ọkọ̀ ṣe rí nìyẹn. Pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì kì í sọ ọkọ̀ di irọ́. Ohun tó ń sọ ọ́ di irọ́ ni kí a já ìtàn rẹ̀ mọ́ ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ wa. Ìtàn ọkọ̀ wà lára ohun tí a ń tà, ẹni tó bá sì dá a dúró ti gba owó odindi, ó sì gbé àbọ̀ sílẹ̀.

Ìtàn Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nínú ọjà kò ṣàjèjì sí wa. Ó kọjá níbi òkìtì oúnjẹ kan, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó sì kan ibi tó tutù. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò gbé èyí tó tutù sí òkè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Ẹ kíyè sí i pé òjò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọlọ́jà náà. Fífi í pamọ́ sísàlẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Bákan náà, ẹ́ńjìnnì tó kú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀tọ́ àwọn mẹ́ta ló wà lọ́rùn ẹni tó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Èkínní ni ẹni tí yóò rà á. Bí ó bá lọ ra fílítà ọ́ìlì tàbí pọ́ńbù omi 504, kò ní bá a mu. Bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ lójú ọ̀nà Zaria, mẹkáníìkì tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò bi í pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wo nìyí, kò sì ní mọ ohun tí yóò sọ. Ó yẹ kí ó mọ irú ẹ́ńjìnnì tó jẹ́, gíyà tó bá a wá, àti ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ ọn.

Èkejì ni gbogbo ẹni tó wà lójú títì. Ní ti 504, gbọọrọ ni ẹ́ńjìnnì sùn sí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló sì ń wà. Nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ kékeré, ìbú ni ẹ́ńjìnnì sùn sí, ẹsẹ̀ iwájú ló ń wà. Nítorí náà a kò lè kàn gbé èyí tí a bá rí sí i. A ní láti wá èyí tó bá a mu, kí a gé irin, kí a sì jó irin, kí ẹ́ńjìnnì lè rí ibi jókòó dáadáa. Bí ẹ́ńjìnnì tuntun bá lágbára ju ti àtijọ́ lọ, bíréèkì ńkọ́? Bí ọkọ̀ tó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan bá di èyí tó ń sá 120, iṣẹ́ tí bíréèkì ní láti ṣe kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ilẹ̀ tí ọkọ̀ yóò fi rìn lẹ́yìn tí a bá ti tẹ bíréèkì kí ó tó dúró náà di ìlọ́po mẹ́rin. Ọmọ tó fẹ́ sọdá títì kò mọ̀ pé a pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá fi agbára kún ọkọ̀ láìfi kún ìjánu rẹ̀ ti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tí a kò rí: olówó ẹ́ńjìnnì náà tẹ́lẹ̀. Ìwé ọkọ̀ wa máa ń gbé nọ́ńbà ṣaasí àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe lásán. Ọkọ̀ tí wọ́n bá jí, wọ́n lè tú u, kí wọ́n sì tà á ní ẹyọ ẹyọ. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti ha nọ́ńbà rẹ̀ kúrò, bó ti wù kó pọ̀ tó, ẹ má rà á. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ fi í hàn fún ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀, kí nọ́ńbà tó wà nínú ìwé lè bá èyí tó wà lára irin mu.

A mọ ohun tí ẹnì kan yóò sọ. Yóò ní, "Bí mo bá sọ ọ́, iye rẹ̀ yóò wálẹ̀." Òótọ́ ni, ó lè wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ₦10 lórí ohun tó tó ₦7 kò jèrè ₦3, ó jẹ gbèsè ₦3 ni. Òmíràn yóò ní, "Ẹ́ńjìnnì tí mo fi sí i sàn ju ti àtijọ́ lọ, kí ni mo fẹ́ sọ?" Bí ó bá sàn, kí ló dé tí a ń fi í pamọ́? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà náà, ẹ gbọ́ tiyín. Bí olóòótọ́ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì hàn yín, tó sọ gbogbo bó ti rí, ẹ má ṣe sọ òótọ́ rẹ̀ di pàṣán tí ẹ ó fi nà án. Àwọn kan a gbọ́ òótọ́ tán, wọn a já iye ọkọ̀ sí àbọ̀, wọn a sì lọ san odindi fún òpùrọ́ tó wà ní ìgboro kejì nítorí ó sọ pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rí. Àwa náà la ń fi owó wa kọ́ ọjà ní irọ́. Ọmọ iṣẹ́ tó dúró tì wá ní Panteka ń wò wá, ohun tó bá rí pé ó ń mú owó wọlé ni yóò kọ́.

Ìmọ̀ràn wa kò le. Ẹni tó bá ń tún ọkọ̀ kọ́, kí ó ra ìwé kékeré kan. Kí ó kọ ọjọ́ tí ó ra ẹ́ńjìnnì síbẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ti rà á, nọ́ńbà rẹ̀, ohun tí ó gé, ohun tí ó jó, àti ohun tí kò tíì tún ṣe. Kí ó kó rìsíìtì sínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ìwé náà bá a lọ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Amana ni àwọn ará ibí ń pe irú rẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì mọ̀ mọ́ ọn, ọjà kì í kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kí a jẹ nínú ohun tí yóò pa ọmọ ẹlòmíràn lára. Kí ó sì fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.