Kí A Tó Fa Sumo Jáde

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*



*Bíbélì kíkà:* Jẹ́nẹ́sísì 26:15-22

Láti Fìdítì dé Ìlọrà níbí, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, borehole ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé. Ọjọ́ tí sumo bá kọ̀ tí kò gbé omi, ariwo á sọ: "Kànga ti gbẹ!" Ẹlòmíì á ní, "Ta ló fọwọ́ kàn án?" Kílẹ̀ tó mọ́, àwọn ìyàwó ilé ò kí ara wọn mọ́, wọ́n sì ti ń wá ẹni tó máa fa páìpù jáde.

Oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òkè ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Á fi mítà wo iná tó ń wọlé. Sumo tó ń lo 220 volt, bó bá jẹ́ 150 ló ń rí, ó lè máa kùn láìyí. Bí iná bá pé, á pa á, á ṣí control box, á yẹ capacitor wò. Nǹkan kékeré ni, àmọ́ òun ló ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti gbéra. Bó bá jẹ́ breaker ló ń bọ́ sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé omi ti wọ ojú ibi tí wọ́n ti so wáyà nísàlẹ̀. Ìgbà tó bá yẹ gbogbo ìyẹn wò tán ló tó ń sọ pé ká fà á jáde.

Ẹ wo Ísákì. Àwọn Filísínì da erùpẹ̀ dí kànga bàbá rẹ̀. Omi ò kúrò nísàlẹ̀ o, erùpẹ̀ ló bò ó. Ísákì ò sọ pé Ọlọ́run Ábúráhámù ti gbàgbé òun. Ó gbẹ́ ẹ padà ni.

Ìwọ tó ń sọ pé àdúrà rẹ ò gbà mọ́, tó o ti ń wo ìyá ọkọ rẹ bí àjẹ́, rọra ná. Yẹ òkè wò. Ìgbà wo lo kúnlẹ̀ gbẹ̀yìn? Ta ni o ò tíì dárí jì?

Ẹ kíyè sí breaker yẹn náà. Ẹlòmíì á yọ ọ́ kúrò, á so wáyà tààrà. Omi lè wá fúngbà díẹ̀, àmọ́ kọ́ìlì mọ́tò ló máa jó. Bí ẹ̀rí ọkàn ṣe rí nìyẹn. Ẹ ka 1 Tímótì 4:2. Bí Ẹ̀mí bá ní "dúró," má fi tipá kọjá. Wá ohun tó fà á.

Mi ò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ló fa gbogbo ìṣòro o. Nígbà míì, ẹ̀ẹ̀rùn ló mú kí omi lọ sísàlẹ̀. Ká pa sumo, ká ní sùúrù kó sun padà. Jóòbù ò ṣẹ̀ kó tó jìyà.

*Iṣẹ́ òní:* Bí o bá ti fẹ̀sùn kan ẹnì kan nílé lórí ohun tí o ò rí, lọ bẹ̀ ẹ́ kí oòrùn tó wọ̀.

*Àdúrà:* Olúwa, fi ibi tó já láàárín èmi àtìrẹ hàn mí, kí o sì tún un so. Má jẹ̀ẹ́ kí n ba ilé mi jẹ́ nítorí ohun tí mi ò yẹ̀ wò. Lórúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ọlọ́run á wà pẹ̀lú yín.