Ẹni Tó Gbọ́ Ti Di Ẹlẹ́rìí

Àwọn tó kọ́kọ́ pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì kò ṣàwàdà. Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn gbé rẹdifúṣọ̀n wọ Èkó. Nígbà tó fi máa di 1939, ó ti dé Ìbàdàn. Àpótí kan tí wọ́n fi wáyà so mọ́ ògiri ni, ẹni tó bá lówó ló ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù, ibùdó kan ṣoṣo ló sì ń gbà. Lọ́ńdọ́ọ̀nù á sọ̀rọ̀, Ìbàdàn á tẹ́tí, ilẹ̀ á ṣú. Ẹ rántí irú ìlú tí àpótí yìí wọ̀: ìlú tí ẹni tí a kí tí kò jẹ́ lè fi bẹ́ẹ̀ dá ìjà ọlọ́dún gbọọrọ sílẹ̀, tí akéde ọba pàápàá, bó ti wù kí agogo rẹ̀ dún tó, ṣì jẹ́ ẹni tí èèyàn lè dá dúró lójú ọ̀nà kó bi í pé kí ló dé. Nírú ìlú bẹ́ẹ̀, ohun tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì, bí kò bá jẹ́ aláìlẹ́kọ̀ọ́, á jẹ́ ọ̀gá. Àwọn baba wa wo àpótí náà, wọ́n mọ èyí tó jẹ́. Lónìí, ará Bódìjà tó bá ní fóònù lọ́wọ́ lè pe orí ètò láàárọ̀, kó sọ ti gọ́tà tó dí, ti tiransifọ́mà tó jóná, ti ilẹ̀ tí wọ́n dà sí ẹnu ọjà tí ẹnikẹ́ni ò wá kó. Gbogbo ìlú á gbọ́. Ohun tí kò tíì hàn ni ohun tí ẹni tó gbọ́ jẹ ẹni tó sọ, àfi bí kò bá jẹ ẹ́ ní nǹkan kan.

Pé èsì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, ìtàn Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa. Ní òpin oṣù kẹta 1953, Anthony Enahoro gbé àbá kalẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkóso ara rẹ̀ ní 1956. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group bínú jáde. Gómìnà John Macpherson bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó sì di ẹ̀bi rù wọ́n. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ wọn, ní kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò kan náà kí òun fèsì. Wọ́n kọ̀. Nígbà tí òfin 1954 fún àwọn ẹkùn láyè láti dá ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn sílẹ̀, Ìwọ̀-Oòrùn kò gbàgbé ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959 ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agodi, rédíò tirẹ̀ náà sì dé. A máa ń fi tẹlifíṣọ̀n yẹn yangàn pé òun ni àkọ́kọ́ nílẹ̀ adúláwọ̀, a sì gbàgbé pé èsì tí wọ́n fi du ẹnì kan wà lára ohun tó bí i. Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé kò ju ọdún mẹ́fà lọ lẹ́yìn náà tí Awólọ́wọ̀ fi wà lẹ́wọ̀n, tí gbohùngbohùn sì wà lọ́wọ́ àwọn tó bá a jà. Ní oṣù kẹwàá 1965, lẹ́yìn ìdìbò tí ọ̀pọ̀ ará ìlú kà sí èrú, ẹnì kan gbé ìbọn wọ ilé-iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn, ó ní kí wọ́n yọ téèpù ọ̀rọ̀ Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kúrò kí wọ́n fi tòun sí i. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ dá a sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ìtàn náà lẹ́yìn ọdún pípẹ́. Mi ò gbé ìbọn lárugẹ. Mo kàn ń sọ pé ibi tí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn mọ́ èsì, ojú fèrèsé ló máa ń gbà wọlé.

Ní Jámánì, Bertolt Brecht ti sọ ọ́ ní 1932 pé ó yẹ kí rédíò jẹ́ kí olùgbọ́ náà lè sọ̀rọ̀, kó má jẹ́ pé gbígbọ́ nìkan ni ti tirẹ̀. (Ohun tó fi odindi àròkọ sọ, Yorùbá ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ ọ́.) Àlá Brecht ti ṣẹ ní Ìbàdàn ju bó ṣe lérò lọ. Láti ìgbà tí òfin 1992 ti fún aládàáni láyè láti dá rédíò sílẹ̀, Rédíò Nàìjíríà tó wà ní Dùgbẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Baṣọ̀run kò dá pápá ní mọ́. Amúlùdùn ń sọ ẹ̀ka èdè láti Mọ́níyà, Splash wà ní Fẹlẹ̀lẹ̀, Fresh wà ní Challenge, Yunifásítì Ìbàdàn náà ní Diamond. Fóònù kì í sinmi. Síbẹ̀, bí a bá fara balẹ̀ wò ó, a ó rí i pé orúkọ àtijọ́ yẹn kò kú, ó kàn pààrọ̀ ẹni tó ń jẹ́ ẹ ni. Nígbà náà, àpótí ló ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Nísinsìnyí, ará ìlú tó pè láti ìsọ̀ pákó Bódìjà ló ń sọ̀rọ̀ tí kì í rí èsì gbà: sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á ní, "Wọ́n ti gbọ́ yín o," á sì gbé ìpè mìíràn.

"Wọ́n ti gbọ́ yín." Ta ni "wọ́n"? Kí sì ni "gbọ́"? Yorùbá kì í ya gbígbọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ṣíṣe. Ọmọ tí a ní kò gbọ́ràn, etí rẹ̀ kò di; ohun tó gbọ́ ni kò ṣe. Mo mọ̀ pé èyí nìkan kò tó láti fi dá ẹjọ́, nítorí ẹnikẹ́ni lè wá inú èdè rẹ̀ títí kó fi rí ọ̀rọ̀ tó gbè é. Ṣùgbọ́n ó tọ́ka síbi tó yẹ ká gbẹ́. Rédíò kì í tún gọ́tà ṣe, kò sì lágbára láti pàṣẹ fún alága ìjọba ìbílẹ̀. Ohun kan ni mo rí tó ń ṣe, ohun náà sì tó: ó ń sọ gbogbo ẹni tó tẹ́tí di ẹlẹ́rìí, ẹni tó bá sì ti di ẹlẹ́rìí kò lè padà di ẹni tí kò mọ̀. Kí ọ̀rọ̀ tó dórí afẹ́fẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba lè ní kò détí ìgbọ́ òun. Lẹ́yìn rẹ̀, dídákẹ́ rẹ̀ ti di ohun tó mọ̀ọ́mọ̀ yàn. Gbèsè ti wọ̀ ọ́, àwa tó gbọ́ pẹ̀lú rẹ̀ sì pín nínú gbèsè náà.

Bódìjà ló yẹ kó yé jù. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ẹ́sítéètì yẹn sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950, wọ́n fa títì rẹ̀, wọ́n pín ilẹ̀ rẹ̀ ní púlọ́ọ̀tì-púlọ́ọ̀tì, ilé kọ̀ọ̀kan ní ọgbà tirẹ̀. Ohun tí wọn ò kọ́ síbẹ̀ ni agbo ilé. Ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjàa'ba, ẹni tí ọmọ aládùúgbò ń dà láàmú mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí yóò gbà lọ: mọ́gàjì á pe tọ̀tún-tòsì, wọ́n á jókòó, wọ́n á rojọ́. Ní ẹ́sítéètì, ẹgbẹ́ onílé ń ṣèpàdé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ayálégbé kì í sábà débẹ̀, ògiri sì ga. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní 2024, nígbà tí aago 7 ti kọjá, nǹkan bú gbàmù ní Dejo Oyelese Close ní Old Bódìjà. Ilé wó, ilẹ̀ mì ní àdúgbò tó jìnnà síbẹ̀, èèyàn 5 bá a lọ, àwọn tó farapa lé ní 70. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ní àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì rí ìtumọ̀ tó ṣe gẹ́lẹ́ báyìí rí. Mi ò sọ pé ètò rédíò kan ì bá ti dá a dúró, ẹnikẹ́ni kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bi ni pé: aládùúgbò tó bá fura, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ta ni ì bá gbà lọ? Ẹ̀rù ń bani láti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ọ́fíìsì ń ti ilẹ̀kùn ní aago 4, mọ́gàjì kò sí. Nínú gbogbo ọ̀nà tó kù, ètò àárọ̀ lórí rédíò ló jọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ jù.

Àwọn ẹ̀sìn wa kò sá fún ọ̀rọ̀ yìí. Kùránì, nínú Súúrà An-Nisáì ẹsẹ 148, sọ pé Ọlọ́run kò fẹ́ ká máa pariwo ohun burúkú kiri ní gbangba, ó sì yọ ẹnì kan sílẹ̀: ẹni tí wọ́n ṣàbòsí sí. Orí pé Ọlọ́run ń gbọ́, ó sì mọ̀, ni ẹsẹ náà parí sí, bí ẹni pé a ò lè fún aráhùn láyè láti ráhùn láìsọ ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ìyìn Rere Lúùkù, orí 18, ní ti opó kan tó ń dààmú adájọ́ tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, tí kò ka èèyàn sí. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn yẹn ni pé adájọ́ náà kò di èèyàn rere. Opó náà ló ń padà wá títí ó fi sú u. Ìṣẹ̀ṣe náà ń pe Ọ̀rúnmìlà ní Ẹlẹ́rìí Ìpín, nítorí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀dá ń yan orí. Nítorí pé ó wà níbẹ̀ la ṣe ń bi í. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n nínú wọn, kò sí ibi tí ẹni tó gbọ́ ti jẹ́ òǹwòran.

Àtakò tó le ni pé rédíò ti di kóòtù tí kò ní adájọ́. Ẹnì kan á pè, á dárúkọ ọkọ, ìyá ọkọ tàbí onílé rẹ̀, ìlú á sì dájọ́ kí ẹni tí wọ́n dárúkọ tó gbọ́ pé wọ́n pe òun. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Rwanda kò sì jìnnà tó láti gbàgbé: rédíò RTLM, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, dárúkọ èèyàn àti ibi tí wọ́n ń gbé fún àwọn apànìyàn, ilé ẹjọ́ àgbáyé tó jókòó ní Àrúṣà sì dá méjì nínú àwọn tó dá a sílẹ̀ lẹ́bi ní 2003. Mo gba àtakò yìí ju ìdajì lọ. Bí gbígbọ́ bá ń sọni di ẹlẹ́rìí, ẹni tó gbọ́ apá kan ti di ẹlẹ́rìí èké láìmọ̀, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó fi í sípò bẹ́ẹ̀ ló sì ṣẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àtakò náà ń béèrè: èsì ni. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lórí afẹ́fẹ́ lónìí jókòó sórí àga tí Awólọ́wọ̀ jókòó sí ní 1953. Nítorí náà, ẹni tí kò tíì sí lórí ìlà kó lè fèsì, kí á má dárúkọ rẹ̀. Ọ́fíìsì tí owó ìlú ń bọ́ ni kí á dárúkọ láìbẹ̀rù. Ìtanràn ìjọba kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ní 2020, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ gbé owó ìtanràn ọ̀rọ̀ ìkórìíra láti ₦500,000 lọ sí ₦5 mílíọ̀nù, wọ́n sì bu irú rẹ̀ fún rédíò kan ní Èkó nítorí ohun tí àlejò orí ètò sọ. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá wá sọ ní 2023 pé àjọ náà kò lágbára láti máa bu owó ìtanràn fúnni. Ìtanràn ń pa ẹnu mọ́. Kì í mú ẹnì kejì wá sórí ìlà.

Àwọn kan ní ọwọ́ tó ni rédíò ló ń darí ohùn rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ̀rí kó rántí ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ 2018, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ wó apá kan ilé Yínká Ayéfẹ́lẹ́ ní Challenge, níbi tí Fresh ti ń gbóhùn sáfẹ́fẹ́. Ìjọba ní ilé náà ta ko òfin ìkọ́lé. Ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ní ọ̀rọ̀ ẹnu rédíò náà ló fà á. Bó ti wù kó jẹ́, ẹni tó ni ilé mọ̀ pé ilé ṣeé wó. Mi ò rí oògùn rẹ̀ ju pé kí rédíò pọ̀, kí olówó wọn má jẹ́ ẹnì kan.

Èyí tó ń da ọkàn mi rú ni ti àwọn tó ní ariwo orí rédíò ń tu ìbínú, kì í tún ìlú ṣe: ẹni tó ti sọ tẹnu rẹ̀ á padà sẹ́nu iṣẹ́, gọ́tà á sì wà bó ṣe wà. Òótọ́ ni, níbi tí ìpè bá ti jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Opó inú Lúùkù ì bá ti padà sílé lọ́wọ́ òfo ká ní ọjọ́ kan ló lọ. Òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsọfúnni, tí wọ́n buwọ́ lù ní 2011, fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì ìwé. Ó ti gbà pé èsì jẹ́ gbèsè tó ní ọjọ́ sísan. Kí ló dé tí ìpè orí afẹ́fẹ́ kò lè ní ọjọ́ tirẹ̀? Kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó ṣí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ó ka orúkọ àdúgbò àti ohun tí wọ́n sọ, kí ó sì pe nọ́ńbà ọ́fíìsì tó kàn lójú gbogbo ayé. Bí wọ́n bá gbé e, ó dáa. Bí wọn ò bá gbé e, kí ó má tètè fi orin bò ó. Kí ó jẹ́ kí fóònù náà máa dún, kí oníẹ̀wà inú ọjà Bódìjà àti ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri ní ẹ́sítéètì jọ máa ka iye ìgbà tó dún.