Ìbéèrè Tó Kúrò Nínú Oògùn

Lẹ́nu ọ̀nà ilé gogoro kan ní Pretoria Street, ní Hillbrow, ní South Africa, mo rí ọmọ Yorùbá kan tó ki káàdì oògùn búlúù, hóró mẹ́rin, bọ bàbá arúgbó kan lọ́wọ́. Ó ka owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Bàbá, ẹ lo ẹyọ kan lálẹ́, ẹ ó wá dúpẹ́ ni." Bàbá yí padà. Lórí àtẹ̀gùn kẹta ó dúró, ó gbọ́wọ́ lé àyà, ó mí kanlẹ̀, kó tó máa gòkè lọ. Ọmọ náà rí i. Kò sọ nǹkan kan.

Ó dùn mí wọra. Oníṣègùn tó mọṣẹ́ láyé àwọn bàbá wa kì í fúnni ní àgúnmu alé lórí ìdúró. Á ní kí o jókòó, á bi ọ́ léèrè oorun, á bi ọ́ léèrè ìtọ̀, á bi ọ́ léèrè ohun tó pa bàbá rẹ. Ó lè ṣi ewé já o, àmọ́ ìbéèrè wà lára oògùn rẹ̀. Lónìí, owó nìkan ló ṣẹ́ kù. Wo ara ògiri àti òpó iná Hillbrow: bébà "dókítà" tó ń ṣèlérí okó ńlá, nọ́ńbà fóònù nìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Oògùn búlúù náà, sildenafil, tí a mọ̀ sí Viagra, kì í ṣe oògùn burúkú. Láti ọdún 1998 tí Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i, ó ti dá ayọ̀ padà sí ọ̀pọ̀ yàrá. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ le dáadáa lè lò ó. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn ti kápá náà lè lò ó, bí dókítà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ ẹni tó ń lo náítíréètì, irú èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n nígbà tí àyà bá ń dunni, kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, kó sì kú. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù gbọ́dọ̀ dúró ná. Ẹni tó ń lo ritonavir nítorí kòkòrò HIV náà gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, torí oògùn yẹn kì í jẹ́ kí sildenafil tètè kúrò lára. Ìdí rèé tí òfin South Africa fi ní kí wọ́n má tà á láìsí ìwé dókítà.

Okó tí kò dìde yẹn gan-an lè jẹ́ ìránṣẹ́ àrùn ọkàn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ tín-ín-rín, ó lè kọ́kọ́ dí kí ti ọkàn tó dí. Ẹni tó bá lọ ra oògùn ní kọ̀rọ̀ ti bo ìránṣẹ́ náà lẹ́nu. Ìtìjú wa pàápàá ti ṣìnà: ọkùnrin kò tijú àtipurọ́ fún ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì ló ń tì í lójú.

Ìwọ ọmọ wa tó ń tà á, ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Hillbrow níbẹ̀. Bí bàbá bá tún padà wá, má gba owó rẹ̀. Mú un lọ síbẹ̀.