ỌWỌ́ TÍ ỌLỌ́RUN KÒ KỌ̀

KÀ: Róòmù 16:1-2, Mátíù 25:34-40

ẸSẸ ÀKỌ́SÓRÍ: Mátíù 25:40. Ṣí Bíbélì rẹ, kí o ka ẹsẹ yìí sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó tẹ̀síwájú.

Olùfẹ́ nínú Olúwa, bí mo bá ní kí o dárúkọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run mẹ́ta ní àárọ̀ yìí, orúkọ ta ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọ lẹ́nu? Mo mọ̀ pé orúkọ pásítọ̀, ajíhìnrere tàbí wòlíì ni ìwọ yóò dá. Bóyá ni ọkàn rẹ yóò lọ sọ́dọ̀ arábìnrin tí kò sùn lóru àná nítorí àwọn aláìsàn, tí ó ń sáré bọ̀ wálé báyìí láti wẹ ọmọ rẹ̀ kí ó tó lọ sí ilé-ìwé.

Wo ohun tí Pọ́ọ̀lù ṣe. Nígbà tí ó ń parí ìwé rẹ̀ sí àwọn ará Róòmù, obìnrin kan ni ó kọ́kọ́ dárúkọ. Fébè ni orúkọ rẹ̀, láti ìjọ Kenkíríà, èbúté tí ó wà lẹ́bàá Kọ́ríńtì. Pọ́ọ̀lù pè é ní diakonos, èyí tí í ṣe ìránṣẹ́ tàbí òjíṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà ni ó lò fún ara rẹ̀ àti Àpólò ní 1 Kọ́ríńtì 3:5. Bíbélì kò sọ pé Fébè wàásù lórí pẹpẹ. Ohun tí ó sọ ni pé ó ti ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́, Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ sì wà nínú wọn. Nítorí náà ni àpọ́sítélì náà ṣe bẹ ìjọ pé kí wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ nítorí Olúwa, kí wọ́n sì dúró tì í nínú ohun yòówù tí ó bá nílò.

Kí ló dé tí Pọ́ọ̀lù ní láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbà á? Ó mọ ènìyàn. Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ sin àwọn ẹlòmíràn, àwọn kan yóò gbà á, àwọn mìíràn yóò kọ̀ ọ́.

Jẹ́ kí n sọ ìtàn ìyá kan fún ọ. Ní Èkó ni a bí Olóyè Kofoworola Abeni Pratt ní ọdún 1915. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ti CMS, ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, ó sì padà sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti jáde láti máa kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Ó ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1941. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ní ọdún 1946, nígbà tí ó ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ́nù.

Ibẹ̀ ni aláìsàn kan ti sọ pé nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ tọ́jú òun. Rò ó wò! Ara kò yá ọ, ìrànlọ́wọ́ dúró níwájú rẹ, o sì ń lé e lọ nítorí àwọ̀ ọwọ́ tí ó gbé e wá. Màmá Pratt kò torí èyí palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tí ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní NHS bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1948, ó wà lára àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó padà sí Nàìjíríà, ìwé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó béèrè ipò sísítà wọ́ọ̀dù, wọn kò fún un. Àwọn òyìnbó ni wọ́n fi ipò náà pamọ́ fún nígbà náà. Ní òkè òkun, aláìsàn kọ̀ ọ́. Nílé baba rẹ̀, àwọn ọ̀gá kọ̀ ọ́. Síbẹ̀ ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ní ọdún 1964 ó di mátírọ́nì ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò dé ipò náà. Ó wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ kí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1965. Ní 1973, àjọ Red Cross àgbáyé fi àmì-ẹ̀yẹ Florence Nightingale dá a lọ́lá. Ọdún kan náà ni ó di kọmíṣọ́nà fún ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1975. Nọ́ọ̀sì ni, aya ni, ìyá ọmọ ni, ìránṣẹ́ ìlú ni. Ó sinmi nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1992.

Má ṣe gbọ́ mi lódì o. Èmi kò sọ pé gbogbo ẹni tí wọ́n bá kọ̀ ni yóò di mátírọ́nì. Ọ̀pọ̀ yóò fẹ̀yìntì láìsí ẹni tí yóò fi àmì-ẹ̀yẹ kankan kọ́ wọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n padà sí Mátíù 25. Ọba náà kò béèrè ipò tàbí oyè. Ó ní òun ṣàìsàn, wọ́n sì bẹ òun wò. Ẹnu ya àwọn olódodo, wọn kò tilẹ̀ rántí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ọba rántí. Ìtọ́jú tí ènìyàn gbàgbé, tàbí tí ó kọ̀, ti wọ inú ìwé Ọba.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ara mi. Ní ìjọ kan tí mo ti ṣe pásítọ̀, arábìnrin kan wà tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta. Òun ni ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ọjọ́ ìsinmi. Ṣùgbọ́n nítorí iṣẹ́ alẹ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ wá sí ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òfin wa ni pé ẹni tí ó bá pa á jẹ lẹ́ẹ̀mẹta yóò kúrò. Mo yọ orúkọ rẹ̀, mo sì kéde rẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ. Mo tún fi kún un pé ẹni tí kò ní àyè fún Ọlọ́run, Ọlọ́run kò ní ní àyè fún un. Lẹ́yìn ìsìn ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo rò pé ìka tí ó ṣẹ̀ ni mo gé. N kò béèrè ohun tí ìka náà ń ṣe lóru.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n dá ìyá mi dúró sí ilé ìwòsàn. Ní nǹkan bí aago méjì òru, mo jí lórí bẹ́ǹṣì tí mo sùn sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn Màmá. Wọ́n ti ba ibùsùn wọn jẹ́, ojú ń tì wọ́n, wọ́n sì ń ti ọwọ́ nọ́ọ̀sì dànù. Nọ́ọ̀sì náà ń sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ má bínú, Màmá. Ọmọ yín ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe." Ó nù wọ́n, ó pààrọ̀ aṣọ wọn, ó yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tí ó yíjú, arábìnrin wa ni! Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ kú ìtọ́jú sà. Màmá ti ń sùn."

N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Níbi tí ó wà ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun wọ̀nyẹn nìyẹn. Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, mo tọrọ àforíjì níwájú ìjọ tí mo ti dójú tì í, mo sì dá orúkọ rẹ̀ padà. Kò sí níbẹ̀ láti gbọ́. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ìwọ tí wọ́n ti kọ ọwọ́ rẹ, ní ibi iṣẹ́, nínú ilé tàbí nínú ìjọ pàápàá, má ṣe ká ọwọ́ náà kò. Olúwa ni ó gbà á. Ìwọ tí o sì wà ní ipò láti gbani, pásítọ̀, ọ̀gá, ọkọ, ìyá ọkọ, ṣọ́ra kí o má baà máa lé ẹni tí Olúwa rán sí ọ.

IṢẸ́ ÒNÍ: Ronú kan ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn, àgbàlagbà tàbí ọmọ wẹ́wẹ́ ní àyíká rẹ. Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, kí i, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì bi í léèrè ohun kan tí o lè bá a ṣe.

KÓKÓ ÀDÚRÀ:
1. Baba, mo dúpẹ́ fún gbogbo ọwọ́ tí ó ti tọ́jú mi láti ìgbà tí a ti bí mi.
2. Olúwa, dárí jì mí níbi tí mo ti kọ ìránṣẹ́ rẹ nítorí pé n kò dá a mọ̀.
3. Baba, fi agbára kún agbára àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn ìyá inú ìjọ wa. Dáàbò bò wọ́n ní òru àti ní ojú ọ̀nà, ní orúkọ Jésù.
4. Olúwa, bí ènìyàn bá kọ ọwọ́ mi lónìí, má ṣe jẹ́ kí n dẹ́kun láti sìn, ní orúkọ Jésù. Àmín.