Oòrùn Gbogbo Ayé, Òrùlé Ẹnì Kan

Owó ìwúrí ni owó tí ìjọba ń san fún ará ìlú, tàbí tí ó ń yọ̀ǹda fún un nínú owó-orí àti owó ẹnubodè, kí ọkàn rẹ̀ lè fà sí ohun tí ìjọba gbà pé yóò ṣe gbogbo ìlú láǹfààní. Bí ó bá jẹ́ iná oòrùn ni owó náà wà fún, ìbéèrè tí ó bí ju ti ìṣirò lọ. Oòrùn kò ní olówó: Ìhìnrere Mátíù kọ́ni pé Ọlọ́run ń mú un ràn sórí ẹni rere àti ẹni búburú, hádíìsì kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, tí Abu Dawud gbà sílẹ̀ sì ka omi, koríko àti iná sí ohun àjọní láàárín àwọn Mùsùlùmí. Òrùlé ní tirẹ̀ ní olówó, orí òrùlé sì ni pánẹ́ẹ̀lì ń gbé. Nígbà tí a bá fi owó àpò gbogbo ìlú so ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé mọ́ òrùlé ẹnì kan, kí ni onílé náà jẹ àwọn tí kò ní òrùlé?

Ní Mende, lẹ́bàá Maryland ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọ̀fẹ́ l'Ékòó, níbi tí ilé àwọn ọlọ́rọ̀ àti ilé oníyàrá púpọ̀ ti jọ ń wo ojú ara wọn, ìbéèrè yìí kì í ṣe àròsọ. Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, lítà kan tí wọ́n ń tà ní nǹkan bí náírà 185 di náírà 488 l'Ékòó láàárín ọjọ́ mélòó kan. Owó ìrànwọ́ yẹn fúnra rẹ̀ ti jẹ́ owó ìwúrí fún jẹnẹrétọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tí ń pè é bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn tí a ṣèlérí iná ogún wákàtí lóòjọ́ fún rí i tí owó ẹyọ iná kan gòkè láti nǹkan bí náírà 68 sí náírà 225. Onílé tí ó lówó lọ́wọ́ yíjú sí sólà. Ayálégbé oníyàrá kan dúró síbi tí ó wà.

Ètò sólà tí ìjọba àpapọ̀ fi owó Báńkì Àgbáyé ṣe, ti ọdún 2018 tí ó jẹ́ mílíọ̀nù 350 dọ́là àti ti oṣù Kejìlá ọdún 2023 tí ó jẹ́ mílíọ̀nù 750 dọ́là, kọjú jù lọ sí ìletò tí òpó iná kò dé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó kù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Mende ni ẹ̀yáwó elélèé, tí Mùsùlùmí tí ó ń sá fún ribà, ìyẹn èlé, kò lè fi ọkàn balẹ̀ gbà, tàbí àjọ dídá.

Àṣà Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tí ó lè la ìbéèrè ohun tí onílé jẹ àwọn tí kò ní òrùlé yé wa. Àárò ni kí àwọn àgbẹ̀ ojúgbà máa ro oko ara wọn ní ìtòtẹ̀léra, tí gbèsè iṣẹ́ sì wà lọ́rùn ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ro oko rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni kí ẹnì kan bẹ ẹbí, àna àti ọ̀rẹ́ fún iṣẹ́ ńlá, kí ó fi oúnjẹ àti ohun mímu tẹ́ wọn lọ́rùn, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjọba ka owó ìwúrí sí. Ní Jámánì, òfin ọdún 2000 ṣèlérí owó tí kò ní yí padà fún ogún ọdún fún ẹni tí ó bá ń ta iná oòrùn fún ìlú, ṣùgbọ́n títí di oṣù Keje ọdún 2022, orí owó iná àwọn oníbàárà ni wọ́n ti ń gbà á, tó fi jẹ́ pé ayálégbé tí kò ní òrùlé ń san lára owó onílé. Ní Amẹ́ríkà, ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún iye owó sólà tí wọ́n máa ń yọ kúrò nínú owó-orí onílé, tí òfin ọdún 2025 fòpin sí, kò já mọ́ nǹkan fún ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi jẹ owó-orí kankan.

Àárò ni ó yẹ kí a kà á sí. Òpó, wáyà àti tiránsífọ́mà ní owó ìtọ́jú tí kì í dín nítorí pé oníbàárà dín, nítorí náà, bí ọlọ́rọ̀ bá gba ìrànwọ́ ìlú tán tí ó já wáyà rẹ̀, orí àwọn tálákà ni ẹrù náà yóò wó lé. Ẹni tí iná ti já kulẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kò ṣeé bá wí pé ó wá ọ̀nà mìíràn, bí ó bá jẹ́ owó ara rẹ̀ ni ó ná. Ẹni tí ó ná owó ìlú ni oko rẹ̀ ti mọ́ tí ọjọ́ àárò sì kàn. Iná tí ó ṣẹ́kù lórí òrùlé rẹ̀ lọ́sàn-án ni ó yẹ kó padà sórí wáyà àdúgbò, ní iye owó tí kò ní ni aládùúgbò lára.

Ti ayálégbé ló le jù, nítorí pé àárò kò gba ẹni tí kò ní oko. Síbẹ̀, ìlànà ilẹ̀ Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ pé igi lè ní olówó tirẹ̀ kí ilẹ̀ tí ó hù lé sì ní olówó mìíràn, àti pé àgbẹ̀ tí ń san ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn ohun tí àlejò ń fún onílẹ̀ lọ́dọọdún, gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí ó tó gbin igi tí yóò pẹ́ bí obì tàbí kòkó. Pánẹ́ẹ̀lì tí ayálégbé fi owó àjọ rà sórí ilé onílé jọ irú igi bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin iná mànàmáná tirẹ̀ ní ọdún 2024, ó sì lè pa á láṣẹ pé lánlọ́ọ̀dù tí ó bá gba owó ìwúrí gbọ́dọ̀ fa iná náà dé mítà àwọn tí ń gbé ilé rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ilé pé ohun tí ayálégbé fi owó ara rẹ̀ gbé sórí òrùlé yóò bá a lọ ní ọjọ́ tí ó bá kó jáde.