Orí Tí Ó Bá Teslim Balógun La Òkun Já

Ní Sùúrùlérè, nítòsí Pápá Ìṣeré Àpapọ̀ tí ìjọba ológun kọ́ ní 1972 de ìdíje gbogbo Áfíríkà ti 1973, ni pápá kejì wà, èyí tí Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1984 tí kò sì parí rẹ̀ títí di 2007, bí ẹni pé gómìnà kọ̀ọ̀kan tí ó jẹ ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún àrólé rẹ̀. Nǹkan bí 24,000 ènìyàn ni ó lè jókòó sínú rẹ̀, orúkọ Teslim Balógun ni a sì fi sọ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbá mọ́ńkì-pósì ní àwọn òpópó Múṣin àti Yábàá, tí wọ́n mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal àti Chelsea ju bí wọ́n ti mọ orúkọ baba ńlá wọn lọ, a máa bèèrè ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kí àgbà fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: kí ni ọkùnrin yìí tilẹ̀ ṣe ní ìlú òyìnbó? Ìdáhùn tí ìwé àkọsílẹ̀ fún wọn kò pọ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 13 ni ó gbá nínú Líìgì fún Queens Park Rangers ní sáà 1956 sí 1957, góòlù 3 ni ó jẹ, Ìpele Kẹta ti Gúúsù ni Rangers sì wà nígbà náà. Ẹni tí ó ré òkun kọjá, tí kò gòkè ju ibẹ̀ lọ, ṣé orí rẹ̀ gbè é ni, àbí ó já a kulẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí ó bá di ti orí, Ifá ni à á gbé e tọ̀ lọ. Nínú Ògúndá Méjì ni a ti bi àwọn òrìṣà léèrè pé ta ni nínú wọn tí ó lè bá olùsìn rẹ̀ rin ìrìn àjò tí ó jìn, kí ó bá a la òkun já, kí ó má sì yà lójú ọ̀nà. Ṣàngó Olúkòso, ọkọ Ọya, ni ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi í pé bí ó bá rìn títí tí ó kan Kòso ilé baba rẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n ro àmàlà fún un, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì sí i, tí wọ́n fi orógbó àti àkùkọ adìẹ kún un, ó ní bí òun bá ti yó tán, ilé òun ni òun yóò padà sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọya wí nípa Ìrá, bẹ́ẹ̀ náà ni Ògún wí nípa Ìrè. Gbogbo wọn pátá ni oúnjẹ ilé dá dúró lọ́nà, títí ó fi hàn gbangba pé Orí nìkan ṣoṣo ni kò ní ìlú mìíràn tí yóò yà sí, nítorí pé ọrùn ẹni tí ó ń bá lọ ni ó gbé.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí Ifá kò sọ. Kò sọ pé Orí yóò gbé ẹni gorí ìtẹ́, kò sì sọ pé ẹni tí Orí bá sìn lọ yóò ṣe ipò kìn-ín-ní níbi tí ó dé. Kìkì pé kò ní padà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó sọ. Ìwọra ni ó mú kí àwa ará ìsinsìnyí fi ilé gogoro àti ọkọ̀ bọ̀gìnnì kún un.

Thunder ni àwọn ará ìgbà náà ń pe Balógun, nítorí agbára tí ó fi ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Orúkọ tí ó wuyì ni. Síbẹ̀ bí a bá fi ojú Ògúndá Méjì wò ó, olówó ẹ̀dùn, ẹni tí ó ni àrá gan-an, ni ó yà sí Kòso lọ jẹ àmàlà. Ariwo orúkọ kì í bá ènìyàn la òkun. Ní 1949, nígbà tí agbábọ́ọ̀lù 18 láti Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi MV Apapa lọ sí Liverpool, tí Balógun sì wà lára wọn, ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù níṣojú àwọn òyìnbó tí ẹnu yà. Àwọn mìíràn fi aṣọ wé ọrùn ẹsẹ̀, ó tán. Koríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa rin gbindingbindin, a sì máa yọ̀ lẹ́yìn òjò, bàtà tí ó ní ìṣó lábẹ́ ni àwọn onílé sì wọ̀ kojú àlejò wọn. Àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó ti mọ iyanrìn Èkó ni ó wá ń wá ibi tí yóò tẹ̀ nínú òtútù.

Èyí ni ó mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹsẹ Ifá kejì, èyí tí àwọn tí ń fi ojoojúmọ́ gbàdúrà orí rere kì í fẹ́ rántí. Gbogbo Orí ni ó para pọ̀ láti gbìmọ̀, wọn kò sì pe Ẹsẹ̀. Èṣù sọ fún wọn pé níwọ̀n bí wọn kò ti pe Ẹsẹ̀, òun yóò wo bí ìmọ̀ràn wọn yóò ti ṣe gún. Ìjà ni ìpàdé náà tú ká sí. Ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀ ni ohun tí wọ́n gbèrò tó di ṣíṣe. Ojúẹlẹ́gbà, tí a fi ojúbọ Èṣù sọ lórúkọ, kò jìnnà sí pápá Balógun. Bí mo bá lágbára ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti máa ka ẹsẹ yìí sétí àwọn òbí tí ń ta ilẹ̀ ìdílé kí ayédèrú aṣojú kan lè mú ọmọ wọn dé Yúróòpù, ọmọ tí kò tí ì lè fi ẹsẹ̀ òsì dá bọ́ọ̀lù dúró.

Ẹsẹ̀ Balógun padà lọ ní 1955. Peterborough United ni ó kọ́kọ́ gbà á, ẹgbẹ́ tí ń gbá Midland League, tí Líìgì ńlá kò sì gbà wọlé títí di 1960. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí Skegness létí òkun, kí Rangers tó mú un. Kí a má baà fi òṣùwọ̀n òní wọn ọjà àná, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí Ìpele Kẹta jẹ́ láyé ìgbà náà. Títí di 1958, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín in sí, Àríwá àti Gúúsù, ẹgbẹ́ 24 ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyọ ẹgbẹ́ kan péré ni ó sì ń gòkè níbẹ̀ lọ́dún. Òfin tún wà, tí wọn kò fagi lé títí di 1961, pé owó ọ̀sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù èyíkéyìí, ìbáà ṣe akọni Ìpele Kìn-ín-ní, kò gbọdọ̀ kọjá iye tí a là sílẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀gbun tí ó wà láàárín ẹni òkè àti ẹni ìsàlẹ̀ lónìí, kò sí i nígbà náà. Èyí tí ó wọ̀ mí lára jù ni pé pípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù kò sí nínú Líìgì kí ó tó di 1965. Àwọn mọ́kànlá tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá yàn ní àárọ̀ Sátidé ni yóò wà nínú ẹrẹ̀ títí fèrè ìparí yóò fi dún, bí ẹsẹ̀ ẹnì kan tilẹ̀ rọ́. Nítorí náà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 13 tí àwọn ọmọ wa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìgbà 13 ni òyìnbó wo gbogbo àwọn ọmọ tirẹ̀ tí ó wà nílẹ̀, tí ó sì fi ọmọ Èkó sí iwájú. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ ti ìṣẹ́jú márùn-ún ìparí.

Àkúnlẹ̀yàn òun ni àdáyébá, ìpín kan kì í sì í jọ ọ̀kan. Lẹ́yìn Balógun ni a rí Adébáyọ̀ Akínfẹ́nwá, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1982, tí ara rẹ̀ wúwo ju kílò 100 lọ, tí ọ̀pọ̀ sì ní irú ara bẹ́ẹ̀ kò yẹ bọ́ọ̀lù. Lithuania ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó rìn kákiri Swansea, Northampton, Gillingham, ìpele kẹta àti ìkẹrin ni ibùgbé rẹ̀, góòlù rẹ̀ sì lé ní 200. Ní Wembley ní oṣù Karùn-ún 2016, lẹ́yìn tí ó gbá pẹnáritì wọlé tí AFC Wimbledon fi gòkè, níwájú kámẹ́rà ni ó ti fi ẹ̀rín sọ pé òun kò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́, kí ẹni tí ó bá fẹ́ òun kàn sí òun lórí WhatsApp. Wycombe Wanderers ni ó gbà á. Ní 2020, ní ẹni ọdún 38, ó bá wọn dé ìpele kejì, ibi tí ẹgbẹ́ náà kò dé rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé ìbá lọ sí Premier League ká ní ó fọn. Èmi kò gbà. Ara tí ó gbà wá láti ọ̀run ni ó fi ṣiṣẹ́, bí Balógun náà ti fi ẹsẹ̀ tí kò mọ bàtà ṣe é.

Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko, ìrìn àjò Balógun kò sì parí sí Shepherd's Bush níbi tí Rangers ń gbé. Ó kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó gbé e wálé, ó sì wà lára àwọn tí ó tọ́ ikọ̀ Nàìjíríà tí ó lọ sí Òlíńpíìkì Mexico ní 1968. Japan àti Sípéènì na ikọ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ta ọ̀mì 3 sí 3 pẹ̀lú Brazil. Pelé kò sí níbẹ̀, òótọ́ ni, síbẹ̀ Brazil ni Brazil ń jẹ́. Ní 1972 ni Balógun kú, kò tí ì darúgbó. Bí a bá ní kí n dá ẹjọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ Múṣin gbé wá yìí, n kò ní fi orúkọ rẹ̀ sára pápá nítorí góòlù tí ó jẹ fún òyìnbó. Nítorí àwọn ọmọ 1968 ni ǹ bá ṣe fi síbẹ̀: àwọn tí kò fi ẹsẹ̀ lásán kojú Brazil, tí ẹni tí ń kọ́ wọn sì ti mọ bí ẹrẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti ń rí lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀.