ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: GARAWA LÓRÍ OLÙTAJÀ

 

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọ mi ọkùnrin fi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà. Géèmù kan ni, Skyrim lorúkọ rẹ̀. Iléeṣẹ́ Bethesda ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 2011. Ayé ńlá ló wà nínú ẹ̀: òkè, ìlú, ọjà. Ibi tó bá wu ẹni tó ń ṣeré náà ló lè rìn dé. Tí ẹ bá jí nǹkan nínú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ lójú olóhun, wàhálà dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n àléébù kan wà: tí ẹ bá gbé garawa borí olùtajà, kò ní rí yín mọ́. Á kàn dúró síbẹ̀, ẹ ó sì máa kó ọjà rẹ̀ lọ. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí, èmi náà rẹ́rìn-ín. Eré ṣáà ni, kò sẹ́ni tó pàdánù kọ́bọ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà, a jọ lọ ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ọmọbìnrin tó ń gbowó ṣi ṣẹ́ńjì kà, ó fi N5,000 lé e. Mo rí i, mo dákẹ́. Mo ń sọ nínú ọkàn mi pé, "Ṣebí òun ló ṣì í kà, èmi ò jí i." A dé ìdí mọ́tò, ọmọ mi wò mí lójú, ó ní: "Dádì, ṣé ẹ ti gbé garawa borí wọn ni?"

Ẹ̀yin ará, ojú tì mí. Mo padà lọ dá owó náà fún un. Ó ní owó oṣù òun ni wọn ì bá yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀.

A máa ń sọ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ ògiri nìkan la máa ń fi òwe yẹn dá lẹ́bi. Ta ló fipá mú aláǹgbá wọlé?

Ẹ gbọ́ apá kejì. Àléébù Skyrim pọ̀ gan-an nígbà tó jáde. Ní 2012, Bethesda fún àwọn tó ń ṣeré náà ní irinṣẹ́ tí wọ́n lè fi tún inú rẹ̀ ṣe. Àwọn kan kóra jọ, wọ́n ń wá àléébù kiri, wọ́n ń tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń pín àtúnṣe náà lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe pé iléeṣẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ o. Unofficial Skyrim Patch ni wọ́n pe iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ihò kan náà ni gbogbo wọn rí. Ẹnì kan rí ọ̀nà àtiwọlé, ẹnì kejì rí iṣẹ́ tó yẹ ní ṣíṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni Nehemáyà rí odi Jerúsálẹ́mù tó ti wó, tó sì kó èèyàn jọ láti mọ ọ́n.

Lónìí, ẹ lè bá ihò pàdé: ọ̀gá tí kì í yẹ ìṣirò wò, owó tó ṣèèṣì wọ àkáǹtì yín, ìyá àgbà tó gbé káàdì báńkì rẹ̀ lé yín lọ́wọ́ nítorí pé kò mọ̀ ọ́n lò. Ẹ má gbé garawa borí ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ fún wọn, ẹ bá wọn dí i. Kò sí garawa tó lè bo ojú Ọlọ́run, àwọn ọmọ wa náà sì ń wò wá.

Olúwa, fún wa lójú tó ń rí ihò, kí o sì fún wa lọ́wọ́ tó ń dí i. Àmín.